Orúkọ Tí Ìyàwó Kì í Pè

Ẹni tó bá ń wá ilé Sàfúrátù onídìrí ní Ìta Fájì, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Kó ṣáà dúró sí ìkóríta títí di ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. "Ràfíù! Ràfíù Àkànní! Ràfíù ọmọ Ṣàkírù télọ̀!" Báyìí ni obìnrin náà ṣe máa ń pe ọmọ rẹ̀. Á pe orúkọ àbísọ, á pe oríkì, á tún fa bàbá yọ, bí akọ̀wé kóòtù tó ń pe ẹlẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń pè ọ̀hún lè má jìnnà ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn ará àdúgbò, tí wọn kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò lẹ́nu, sọ ọ́ ní Ìyá Apèlórúkọ. Wọn a máa fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní bí òkú bá gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀, á dìde jókòó. Ẹni tó bá mọ ohun tójú Sàfúrátù ti rí kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn ahunṣọ. Ibẹ̀ ni Ṣàkírù ti rí i nígbà tó wá ra aṣọ òfì tí yóò fi rán agbádá fún ọkọ ìyàwó kan l'Ékòó. Aṣọ ló bá wá lẹ́ẹ̀kíní. Àwọn ìgbà tó tún padà wá, kì í ṣe nítorí aṣọ mọ́. Nígbà tí wọ́n sin ìyàwó tán, àwọn méjèèjì wọ lọ́rì wá sí Èkó. Bí lọ́rì ṣe gun afárá Kátà, tí Sàfúrátù rí omi tó tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀, ó kígbe pé, "Yéè! Òkun rèé o!" Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣàkírù fi ẹnu sí i létí, ó ní, "Ìyàwó, ọ̀sà nìyẹn. Òkun ṣì ń bẹ níwájú."

Ọ̀rọ̀ náà délé kí ẹrù ìyàwó tó délé. Ará òkè tó kí ọ̀sà ní òkun! Wọ́n fi ṣe é lẹ́fẹ̀ títí, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Jẹ́ kí ọdún dé, a ó mú ọ lọ wo òkun gan-an, kó o yéé yọ ọ̀sà lẹ́nu." Ìdílé náà kì í fi ìyẹn ṣeré. Lọ́jọ́ kẹta ọdún, ìbáà ṣe Ìtúnu-àwẹ̀, ìbáà ṣe Iléyá, wọn á di ìrẹsì sínú ìkòkò, wọn á ká ẹní, tọmọdé-tàgbà wọn á sì gbọ̀nà Bá Bíìṣì létí òkun. Oòrùn ni yóò lé wọn wálé. Ìgbà tí wọ́n gbé Sàfúrátù wá, Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ọdún mìíràn kò sì tètè dé. Ó ń retí òkun bí ẹni ń retí àlejò.

Ìyá ọkọ rẹ̀ yìí, Àlímọ̀tù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ní jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Ìyá Ṣàkírù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ẹní ló ń tà l'Óbùn Èkó. Ìjẹ̀bú ni bàbá ńlá wọn ti wá, àwọn ọmọ onílẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kò sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Bóyá ìyẹn ló fà á tí ìyá náà fi di àṣà mú ju àwọn tó ni ín lọ. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò bá nílẹ̀, ìwà ni kó fi ṣe ilẹ̀. Kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ẹní tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ ló tẹ́ sí yàrá ìyàwó, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló sì ń jókòó sáàárín orókùn Sàfúrátù kó bá a dirun, á máa tòògbé, á máa sọ̀rọ̀ láti ojú oorun. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àṣà, ojú rẹ̀ a le koko.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni, kó tilẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ìyàwó ni yóò wá orúkọ mìíràn tí yóò máa fi pè é. Kò ṣàjèjì sí Sàfúrátù, wọ́n ń ṣe é n'Ísẹ́yìn náà. Mùsílíù, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Inú Mùsílíù dùn gan-an, nítorí nínú gbogbo ìwé tó ń gbé kiri lójúmọ́, kò sí ọ̀kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó wá ku Àdìjátù, àbígbẹ̀yìn ìyá wọn, tí ìyá náà bí lẹ́yìn tó ti rò pé ọmọ bíbí ti tán lára òun. Ọmọ náà yọjú sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyàwó lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. Sàfúrátù ní, "Á à, Eyínfúnjowó lorúkọ tìrẹ."

Bí wọ́n ṣe di kòríkòsùn nìyẹn. Bí Sàfúrátù bá ń dirun fún oníbàárà ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọmọ náà ló ń mú òwú dání, òun náà ló sì ń sọ fún àgbàlagbà obìnrin bóyá onílé-gogoro ló yẹ orí rẹ̀ tàbí kó ní sùúrù fún kòlẹ́sẹ̀. Eré kan wà láàárín wọn tí gbogbo ilé mọ̀. Bí ìyàwó bá ti pe Eyínfúnjowó, ọmọ náà á kọ́kọ́ yíjú, á fi eyín hàn án, á wá sá lọ fara pamọ́. Ìyàwó á máa wá a kiri, á máa ké pé ta ló jí ọkọ òun gbé. Nígbà tí eyín iwájú méjì yọ lẹ́nu ọmọ náà, àlàfo ló wá ń fi hàn, ẹ̀rín á sì pa gbogbo ilé. Nítorí náà, Eyínfúnjowó di orúkọ eré. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ náà dúró ní tòótọ́, kó wá jẹ́ iṣẹ́ tàbí kó wá wẹ̀, Àdìjátù ni ìyá rẹ̀ ń pè é, ibi tí ohùn bá sì bá a ni yóò dúró sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Sàfúrátù ń din dòdò lórí sítóòfù nílé ìdáná. Ẹsẹ̀ sítóòfù kan kò dúró dáadáa, agbada sì kún fún òróró gbígbóná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹsẹ̀ náà ń yẹ̀ nígbà tí ọmọ sáré wọlé. Ó ní, "Eyínfúnjowó, má wá síbí!" Kí ló fi orúkọ yẹn pè é fún? Ọmọ náà yíjú sí i, ó fi àlàfo eyín hàn án, ó forí lé ẹ̀yìn sítóòfù láti lọ fara pamọ́. Ìyàwó kò mọ ìgbà tó lanu.

"Àdìjátù!"

Ọmọ náà dúró gbọnin. Agbada dojú dé, òróró sì dà síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá wà.

Kò sẹ́ni tó béèrè òróró. Ìyá Ṣàkírù ti jáde láti yàrá, àwọn ìyàwó àgbà ilé méjì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta lo pè?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, sítóòfù ló fẹ́..."

"Mo ní ta lo pè?"

Sàfúrátù kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tí òróró ti ṣàn kàn. Wọn kò na án, wọn kò bú u. Ìyá Ṣàkírù kàn jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó sì jẹ́ kó kúnlẹ̀ títí ara sìmẹ́ńtì fi wọ inú orókùn rẹ̀. Ó ní, "Bí iná bá ń jólé, ṣé ìyàwó á wá máa pe ọkọ lórúkọ ni? Ọmọ tí mo bí kí o tó mọ̀nà ilé yìí! Kí ni àwọn tó gbọ́ lẹ́yìn ògiri yóò sọ? Wọ́n á ní ará òkè la fẹ́, a ò sì lè kọ́ ọ." Sàfúrátù bẹ̀bẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní dán irú rẹ̀ wò mọ́. Nígbà tí Ṣàkírù ti ṣọ́ọ̀bù dé, tó gbọ́, gbogbo ohun tó rí sọ ni pé, "Ṣe sùúrù, bí Ìyá ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀, ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Sàfúrátù fi epo pa orókùn rẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ìtúnu-àwẹ̀ dé. Ọdún náà ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, àwọn dẹ́rẹ́bà kan kò sì tíì mọ ọwọ́ ara wọn. Bọ̀lẹ̀kájà tí ìdílé náà háyà lọ́jọ́ kẹta ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ ṣe bí ti àtijọ́, tí èrò fi èébú yí i padà. Orin ni wọ́n ń kọ lọ. Mùsílíù gbé rédíò kékeré sí èjìká. Ìkòkò ìrẹsì wà láàárín ẹsẹ̀ Ìyá Ṣàkírù. Àdìjátù wọ aṣọ ọdún rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun, ó sì jókòó lẹ́sẹ̀ Sàfúrátù, ó ń béèrè bóyá òkun ní ìdérí.

Wọ́n dé ibẹ̀. Èrò pọ̀ bí ọjà. Gàmbàrí ń fi ẹṣin gbé ọmọdé kiri, àwọn aláṣọ funfun tan àbẹ́là sínú iyanrìn, wọ́n ń gbàdúrà sí omi, àwọn tó ń ta àgbọn ń lu àdá mọ́ ara wọn. Lápá kan lọ́hùn-ún, igi mélòó kan àti àwọn àgbá oníyanrìn wà níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè. Ìyá Ṣàkírù ní kí ẹnikẹ́ni má wo ibẹ̀, pé ọdún ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n tẹ́ ẹní. Sàfúrátù kò tíì jókòó. Ó dúró, ó ń wo omi tó dìde, tó wó lulẹ̀, tó tún dìde, tí kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ará òkè," Ìyá Ṣàkírù ní, "ṣé ọ̀sà nìyí?"

"Rárá o, Ìyá. Ọ̀sà kọ́ lèyí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n jọ fi ẹnu kan rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun, tí ara àwọn àgbà wọlẹ̀, Àdìjátù bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó fẹ́ lọ ṣa karawun. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyàwó, máa wo ọkọ rẹ o." Sàfúrátù tẹ̀lé e. Ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kó karawun wá sínú ìró ìyàwó. Ọkọ̀ apẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fà gòkè tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìdí rẹ̀ kọjú sí omi.

Òkun wá fà sẹ́yìn. Kì í ṣe bó ti ń fà látàárọ̀. Ó kó omi rẹ̀ lọ jìnnà, ó fi iyanrìn tútù sílẹ̀ gbayawu, karawun sì ń dán lórí rẹ̀ káàkiri. Àwọn ọmọ Èkó tó mọ̀wà òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gòkè. Àdìjátù kò gòkè. Karawun ló tẹ̀lé.

"Eyínfúnjowó!"

Ọmọ náà yíjú. Ó fi àlàfo eyín hàn án. Ó wá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ibi tí yóò fara pamọ́ sí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Ló bá sá lọ sẹ́yìn ọkọ̀ apẹja náà, níhà ibi tí omi wà.

Orúkọ náà gòkè wá sí ọ̀fun Sàfúrátù. Ó dé ahọ́n rẹ̀. Ó mọ̀, bí ènìyàn ṣe mọ̀ pé iná ń jóni, pé bí òun bá pe orúkọ yẹn, ọmọ náà yóò dúró, yóò sì wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, lórí ẹní, ó ń gbọ́ ohùn Ìyá Ṣàkírù pẹ̀lú àwọn ìyàwó àgbà ilé, orókùn rẹ̀ sì rántí sìmẹ́ńtì. Ó dá orúkọ náà padà sínú. Ó tún ké pé, "Eyínfúnjowó! Ọkọ mi, jọ̀ọ́, padà!" Ọmọ náà yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó tún fà á padà. Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìgbì ńlá kan dé ìdí ọkọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Omi yí ọkọ̀ náà padà bí ẹni yí àwo. Ó gbé Sàfúrátù ṣubú, ó fi í sílẹ̀. Mùsílíù sáré wọnú omi tòun ti ṣòkòtò, àwọn apẹja méjì tẹ̀lé e. Wọ́n mòòkùn, wọ́n yọ, wọ́n tún mòòkùn. Èrò kóra jọ. Ìyá Ṣàkírù dé, gèlè rẹ̀ ti já, ó dúró síbi tí omi ti ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ké pé, "Àdìjátù! Àdìjátù o! Àdìjátù!" Òkun ń pariwo, kò gbọ́. Nígbà tí ohùn rẹ̀ há, ó yíjú sí Sàfúrátù tó wà lórí eékún nínú iyanrìn, ó sì bi í léèrè lójú gbogbo èrò pé:

"Kí ló ṣe tí o kò pè é lórúkọ?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu ẹni tó béèrè.

Òkun kò dá ọmọ náà padà. Ṣàkírù àti Mùsílíù ń lọ sétí omi lójoojúmọ́, wọ́n dé Màrókò, wọ́n dé ibi tí ọ̀nà pin sí, títí àwọn apẹja fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Àwọn ààfáà ṣe àdúà láìsí òkú nílẹ̀. Bàtà ọdún méjèèjì ni wọ́n gbé bọ̀ wálé, Ìyá Ṣàkírù sì fi wọ́n sísàlẹ̀ ẹní tó ń sùn lé.

Ẹ má rò pé wọ́n lé Sàfúrátù jáde. Ì bá sàn. Wọn kò lé e, wọn kò sì sọ pé ìwọ lo pa á. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Ìyá Ṣàkírù mú kóòmù àti òwú tirẹ̀, ó rin ìrìn títí dé Pópó Àgùdà lọ bá onídìrí mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ. Sàfúrátù á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láàárín oníbàárà, á máa wo ẹ̀yìn ìyá náà bó ṣe ń lọ. Ìdílé náà kò lọ sétí òkun mọ́. Wọn kò pe orúkọ ọmọ náà mọ́. Bí ó bá di dandan, wọn á ní "èyí tó lọ". Ṣàkírù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, wá fi ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábẹ́ maṣíìnì.

Sàfúrátù bí Ràfíù nínú ilé tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè ní kó má pè é lórúkọ. Ó wá ń pè é. Bí ọmọ bá sùn pẹ́, á pè é. Bí ọmọ bá bọ́ sí kọ̀rọ̀, á pè é ní orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì ní dákẹ́ títí ọmọ yóò fi dáhùn. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ wọn. Orúkọ eré kankan, orúkọ àpọ́nlé kankan, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi pe ọmọ náà. Bí oníbàárà bá ní, "Ọkọ mi, wá," á gba kóòmù kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ṣe Fẹ́sítáàkì, Mùsílíù gbé ìyàwó. Bọ́lánlé ni wọ́n ń pè é, ọmọ Abẹ́òkúta, ó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan l'Ápọ́ngbọ̀n, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, gbogbo ilé kóra jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kí ìyàwó wá sọ àwọn ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó fi ọwọ́ kan Ràfíù, tó ti ń sáré kiri nígbà náà, ní àgbọ̀n, ó ní, "Ajíṣafẹ́ ni tèmi." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Rárá!" Sàfúrátù ti ilé ìdáná jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. "Ràfíù ni. Ràfíù ni kó o máa pè é."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó àgbà ilé ní, "Ìyá Ràfíù, ṣé kò sí nǹkan? Ọkọ rẹ̀ ni. O fẹ́ kó pe ọkọ lórúkọ?"

"Kì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní orúkọ eré." Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀. "Bọ́lánlé, ọjọ́ tó o bá rí i létí iná, orúkọ ni kó o pè. Ọjọ́ tó o bá rí i létí omi, orúkọ ni."

Ojú gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣàkírù, tó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò rí ènìyàn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ ojú náà sí ibi tí ohùn Sàfúrátù ti wá.

"Ẹ jẹ́ kó pè é lórúkọ," ó wí. "Nínú ilé yìí, kí ìyàwó máa pe ọmọ lórúkọ." Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Bọ́lánlé kò tíì rí òkun rí. Bí Iléyá ọdún náà ti ń súnmọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Mùsílíù, àwọn ọmọdé ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mùsílíù ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́. Ìyá Ṣàkírù gbọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi náà ń lọ." Ẹnu ya gbogbo wọn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ọkọ̀ tó dé, Sàfúrátù rí ìyá náà tó ń bọ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kóòmù wà lọ́wọ́ kan, òwú wà lọ́wọ́ kejì. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín orókùn Sàfúrátù, ó tú gèlè. Irun náà ti funfun, ó ti fúyẹ́. Ìlà irun àkọ́kọ́ wọ́, Sàfúrátù tú u, ó tún un dì.

Etí òkun ti yí padà. Ilé ti sún mọ́ ọn, òkun náà sì ti jẹ ilẹ̀ wọlé. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní sí lọ́jọ́sí, omi ló wà níbẹ̀ báyìí. Sàfúrátù kò jẹun. Ó jókòó, kò mú ojú kúrò lára Ràfíù, tí Bọ́lánlé ń bá ṣeré nínú iyanrìn. Ìyá Ṣàkírù nawọ́ sí i.

"Mú mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi á kan omi."

Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀. Omi wá, ó bo ẹsẹ̀ wọn, ó lọ. Bí wọ́n ti dúró, Sàfúrátù gbọ́ ohùn Bọ́lánlé lẹ́yìn wọn tó ké gan-an pé, "Ràfíù!" Ó yí padà wìrì. Ọmọ náà ti sáré sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kan tí ìgbì ń fà lọ. Bí ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó dúró sójú kan, ó yí padà, ó gòkè lọ bá Bọ́lánlé. Bọ́ọ̀lù bá omi lọ.

"Ṣé ó dúró?" Ìyá Ṣàkírù béèrè. Ojú rẹ̀ kò ríran débẹ̀.

"Ó dúró, Ìyá."

Ìyá náà mi orí. Ó di ọwọ́ Sàfúrátù mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ní, "Pè é fún mi."

"Ta ni, Ìyá?"

"O mọ ẹni tí mò ń wí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é sétí mi. Wọ́n ń bẹ̀rù mi. Ìwọ ni mo ní kó o má pè é, ìwọ náà ni kó o pè é fún mi. Pe orúkọ rẹ̀."

Sàfúrátù kọjú sí omi. Ó lanu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, níbi tó gbé e sí láti ọjọ́ yẹn. Ó fi gbogbo ara tì í. Ohùn jáde lóòótọ́, ó rọra jáde bí ẹni ń pe ọmọ nínú ilé.

"Eyínfúnjowó," ó wí. "Eyínfúnjowó o."

Òkun fà sẹ́yìn, ó tún wá. Omi ń ṣàn lójú Ìyá Ṣàkírù, kò nù ún.

"Má pè é bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tó o bá pè é bẹ́ẹ̀, á tún lọ fara pamọ́ ni."